Iṣẹ́ Tí A Máa Ń Rán Àwọn Ìyá

Bí ọmọ kan bá pe "Màámi!" ní àdúgbò wa ní Mowe, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Ìbáà jẹ́ ọmọ aládùúgbò, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí Kámpù fún ìsọ́ òru, "Ooo!" á ti já lẹ́nu mi kí n tó rántí pé ọmọ tèmi wà ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ará àdúgbò ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní mo fẹ́ràn ọmọ jù. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó fà á kò ṣeé sọ fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ifo ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ibùsùn méjìlá ni a ní, ṣùgbọ́n ní àkókò òjò, tí ẹ̀fọn bá gbòde, ọmọ méjì a máa sùn sórí ibùsùn kan, orí ọ̀kan síhìn-ín, orí èkejì sọ́hùn-ún. Ibà ló ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ibà náà a jẹ ẹ̀jẹ̀ ara wọn tán, àtẹ́lẹwọ́ wọn a wá funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ìyá wọn á ti fún wọn ní àgbo nílé, á ti ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, á ti gbé wọn lọ fún àdúrà, kí ó tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Mo máa ń bá àwọn ìyá náà jà. "Ibo lẹ wà láti ọjọ́ mẹ́ta?" Inú mi tètè máa ń bí, n kò ní purọ́. N kò tí ì bímọ nígbà náà, mo sì rò pé kò sí ohun tó ṣòro nínú kí ènìyàn jẹ́ ìyá ọmọ.

Ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù náà, Sístà Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé àwọn tó tọ́jú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ti ń gbé ọmọ tiwọn wá bá a. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí wọn kò kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ní bí mo bá ti rí i pé èémí ọmọ ti yí padà, tí ihò imú rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé, tí dókítà sì ti wò ó tó mi orí, kí n tètè wá iṣẹ́ rán ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tó máa pẹ́ díẹ̀. Kó lọ bu omi gbígbóná wá. Kó lọ fọ aṣọ ọmọ. Kó lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́yìn géètì, nítorí pé ebi á máa pa ọmọ tó bá jí.

"Ìyá kì í wo irú ẹ̀," ni ó sọ fún mi. "Tó bá fojú rí i, kò ní kúrò lójú ẹ̀ mọ́ títí tóun náà á fi kú. Àti pé tó bá figbe ta níbí, àwọn tó kù á gbé ọmọ wọn sá. O ò tí ì rí i ni."

Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ìyá kan figbe ta ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fi orí lu ògiri, àwọn ìyá mẹ́ta sì fa abẹ́rẹ́ tí omi ń gbà yọ lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n pọ̀n wọ́n, wọ́n gba géètì jáde. Méjì padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹni kẹta, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bá Sístà Àgbà jiyàn mọ́.

Bí a bá tún wò ó dáadáa, kò ṣàjèjì sí àṣà wa. Òbí kì í sin ọmọ. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wọn gbé e lọ, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ han ìyá, ìyá kì í sì í béèrè. Ohun tí àwa ń ṣe ní wọ́ọ̀dù náà kò ju pé a bẹ̀rẹ̀ àṣà náà ní wákàtí kan ṣáájú àkókò rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni a ń rán ìyá. Bí a bá nílò oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, bàbá ọmọ ni a máa ń rán, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Ìyá kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, àfi ìgbà tí àwa bá fẹ́ kó kúrò.

Mo mọ iṣẹ́ náà rán. Mo mọ bí mo ṣe máa fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i, tí n kò ní wo ojú ìyá náà pẹ́. Àwọn kan a sáré lọ. Àwọn kan a kọ́kọ́ tún aṣọ bo ọmọ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé, a ó ti fa aṣọ bò ó lórí, Sístà Àgbà á sì ti dúró de ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, nígbà tí òjò ń lọ sópin, obìnrin aránṣọ kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Mùsùlùmí ni obìnrin náà, ará Ifo gan-an, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin. Ibi iṣẹ́ ló ti gbé ọmọ dìde, teépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin tó lò lọ́dọ̀ wa, kò bọ́ ọ kúrò lọ́rùn àfi tí ọmọ náà bá gbà á. Ọmọ náà kò tí ì pé ọdún mẹ́rin. A fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lálẹ́ ọjọ́ tó dé, nígbà tó sì di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti jókòó, ó ti ń gba teépù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń wọn ohun gbogbo. Ó wọn ìrọ̀rí. Ó wọn bàtà mi. Ó ní kí n na apá, ó wọn apá mi láti èjìká dé ọwọ́, ó sì sọ fún mi pẹ̀lú ìdánilójú pé mẹ́wàá ni. Kò lè kà ju mẹ́wàá lọ, nítorí náà mẹ́wàá ni ohun gbogbo. Ìrọ̀rí mẹ́wàá, bàtà mẹ́wàá. Sístà Àgbà tó sanra dáadáa náà, mẹ́wàá. A rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ tó ń sùn jí.

Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Kò dára kí nọ́ọ̀sì ní ọmọ tó fẹ́ràn ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin ibà náà padà sí i lára, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì tún funfun. Irú ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu kò sí nílẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ti gbọ̀nà Abẹ́òkúta láti ìdájí láti wá a lọ. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, àyà ọmọ náà ń sá sókè sódò, bí ẹni tó sáré ti ọjà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ó dùbúlẹ̀ ni. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó mi orí, ó kọjá sí ibùsùn mìíràn. Sístà Àgbà wò mí láti ibi tábìlì rẹ̀.

Mo lọ bá ìyá náà. "Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wa ra ẹ̀kọ gbígbóná wá lẹ́yìn géètì."

"Ẹ̀kọ?" ni ó wí. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, kò fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀."

"Á mu ún. Tó bá mu ún, á lókun díẹ̀ kí bàbá ẹ̀ tó dé."

Ó wo ọmọ, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ teépù kúrò lọ́rùn, ó ká a sí ọmọ náà lọ́wọ́. "Bá mi dì í mú. Mo ń bọ̀ báyìí." Ó yíjú sí mi. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ o." Mo ní n kò ní kúrò. Ó sì lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa gùn. Fèrèsé wọ́ọ̀dù náà kọjú sí i, fèrèsé onígíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ìyá náà kò tí ì lè dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣí ojú, tí kò rí i, tó sì pè é. "Màámi!" Ohùn rẹ̀ dún ketekete. N kò mọ ibi tó ti rí agbára yẹn.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo dìde, mo sì ti fèrèsé. Ẹ̀rù bà mí kí ìyá náà má lọ gbọ́, kó padà, kó wá figbe ta. Mo ti gbogbo rẹ̀ tán, mo padà wá jókòó, mo di ọwọ́ ọmọ náà mú pẹ̀lú teépù inú rẹ̀. Ó wò mí. Ó tún pè é, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ báyìí, bí ìgbà tí ọmọ ń béèrè nǹkan. "Màámi?" Mo ní, "Ó ń bọ̀." Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kò ní ohùn mọ́, ètè rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo kà á. Lẹ́yìn ìyẹn kò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyá náà dé pẹ̀lú ẹ̀kọ nínú ike. Ó ti tú gèlè rẹ̀ wé ike náà, ó sì há a sí abíyá kí ó má baà tutù. Sístà Àgbà dì í mú lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, ó sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún ẹni tí ọmọ kú fún. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Omi ló dànù." Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Ó dára fún ẹni tó ń sọ ọ́, òun kọ́ ni òùngbẹ ń gbẹ.

Obìnrin náà kò ké. Ó gbójú kọjá èjìká Sístà Àgbà, ó wá ojú mi kàn.

"Ṣé ó pè mí?"

"Rárá o," ni mo wí. "Ó kàn sùn lọ ni."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Alihamudulilahi," ni ó wí. Ó gbé ẹ̀kọ náà sórí tábìlì, ó sì jókòó sílẹ̀. Nígbà tí bàbá ọmọ dé láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú kúlà ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ẹbí ti gbé ọmọ náà lọ, ọkùnrin náà sì dúró láàárín wọ́ọ̀dù, kò mọ ibi tí yóò gbé kúlà náà lé. Ẹ̀kọ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo fẹ́ padà sílé. Mo fọwọ́ kàn án, n kò mọ ìdí tí mo fi fọwọ́ kàn án.

Sístà Àgbà yìn mí lọ́jọ́ náà. Ó ní mo ti di nọ́ọ̀sì gidi. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ni ó wí, ó sì fọwọ́ gbá mi léjìká. Nígbà tí mo délé, tí mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, teépù náà jábọ́ láti inú àpò mi, n kò rántí ìgbà tí mo fi í síbẹ̀.

Ó yẹ kí n dá a padà lọ́jọ́ kejì. N kò dá a padà. Mo ń sọ fún ara mi pé mo máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ọ̀sẹ̀ fi di oṣù. Mo fi í sínú agolo ohun mímu kan, mo dé e. Mo ṣì rán àwọn ìyá mìíràn níṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọmọ náà. Kì í ṣe lójú àlá. Ọ̀sán gangan ni, mo lè máa fọ abọ́, mo lè máa ṣa ẹ̀wà, màá gbọ́ "Màámi!" láti ẹ̀yìn ilé, ketekete bí ti ọjọ́ náà, màá sì sá jáde. Kò ní sí ẹnikẹ́ni.

Mo lọ́kọ. Ọkọ mi ra ilẹ̀ sí Mowe, a sì kó sínú ilé náà nígbà tí a kò tí ì rẹ́ ẹ, tí kò sí ilẹ̀kùn yàrá, aṣọ ni a fi ta ojú ọ̀nà. Bí gbogbo ọkùnrin àdúgbò, ó máa ń jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí mo lóyún, mo fi iṣẹ́ Ifo sílẹ̀ nítorí pé ọ̀nà jìn. Ọjọ́ kan ọkọ mi fẹ́ wọn fèrèsé fún kọ́tìnnì, ó ṣí agolo náà, ó sì fa teépù jáde. Mo pariwo lé e lórí débi pé àwọn tó ń mọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá iṣẹ́ dúró. Ó rò pé orí mi ti dàrú. N kò lè ṣàlàyé, mo ní teépù ẹlòmíràn ni.

Ọmọ wa, ọkùnrin, ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì nígbà tí ibà mú un. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo tọ́jú rẹ̀ nílé fúnra mi, ọjọ́ méjì gbáko, mo ń fún un ní oògùn, mo ń fi omi tútù nù ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta gìrì mú un. Mo gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí Ibafo, sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́bàá títì márosẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi kò ju àbúrò mi kékeré lọ. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ mélòó rè é?" Mo dáhùn. Kò bá mi jà. Ó sàn jù mí lọ.

Dókítà fi abẹ́rẹ́ sí iṣan rẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Gìrì tún mú un, ó gbọn ọwọ́, abẹ́rẹ́ yọ. Iṣan rẹ̀ ti sá wọlé. Wọ́n gbìyànjú ọwọ́, wọ́n gbìyànjú ẹsẹ̀. Dókítà bọ́ sí yàrá kejì níbi tí obìnrin kan ti ń rọbí. Nọ́ọ̀sì kékeré náà tú àpótí wò, ó sì yíjú sí mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sáré sọdá sí kẹ́míìsì tó wà lódì kejì. Abẹ́rẹ́ tó kéré jù lọ, èyí tí ìdí ẹ̀ yẹ́lò. Èyí tá a ní níbí ti tóbi jù fún un. Ẹ sáré o."

Ó ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ̀kọ gbígbóná ni mo gbọ́.

"N ò lọ," ni mo wí.

"Mọ́mì?"

"Mo ní n ò lọ síbì kankan. Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Èmi náà ni mo máa ń rán wọn."

Kò yé e. Ó tún bẹ̀ mí. Ó ní kò sí ẹlòmíràn nílẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ fi ọmọ náà sílẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ ọmọ mi méjèèjì mú. Mo bú u. Mo bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, kó má fi mí ṣeré, bí ọmọ mi bá máa kú, ojú mi ni yóò kú sí, kò ní pè mí kó má rí mi.

"Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ni yín," ni ó kígbe, omi ti lé sí i lójú, "ẹ wo iṣan ẹ̀ kẹ̀!"

N kò wò ó. Ojú ọmọ náà ni mo ń wò, mo ń ṣọ́ ikú lójú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé ètè ọmọ náà yí àwọ̀ padà. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì kékeré náà bọ́ bàtà rẹ̀ síbẹ̀, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ojú fèrèsé mo rí aṣọ funfun rẹ̀ láàárín àwọn tírélà ní títì márosẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n dúró, wọn kò dúró. Ó kọjá. Ó padà. Nígbà tó wọlé, eékún rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé kókósẹ̀, abẹ́rẹ́ onídìí yẹ́lò méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ gidi ni. Ó nílò ohun tó rán mi lóòótọ́. Wọ́n rí iṣan kan ní orí ọmọ náà, omi wọlé, oògùn wọlé, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń sunkún pé òun fẹ́ mu omi. Nọ́ọ̀sì náà jókòó, ó ń fi sípírítì nu eékún rẹ̀. "Mọ́mì," ni ó wí, kò tilẹ̀ bínú mọ́, "kí ló dé tẹ́ ò fi lọ?" Mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, lójú àwọn aláìsàn, èmi tí mo jù ú lọ. Ó ń fà mí dìde, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọmọ mi yè, ìgboyà sì wọ̀ mí. Ohun tó dé bá mi nìyẹn. Mo ń wò ó bó ṣe ń sáré kiri nínú ilé tí a kò tí ì rẹ́, mo sì ń sọ fún ara mi pé mo jókòó ti ọmọ tèmi, kò sí ẹni tó lè gbé mi dìde, bẹ́ẹ̀ mo gba ìjókòó náà lọ́wọ́ obìnrin aránṣọ yẹn, mo sì tún purọ́ fún un lé e. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjẹ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní oògùn ohun gbogbo. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí mo bá sọ òtítọ́ fún obìnrin náà, ọmọ náà yóò dákẹ́ pípè lẹ́yìn ilé mi.

Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó kéré tán mo ní ọgbọ́n yẹn. Mo mú teépù, mo gba Ọ̀jọ́dù, mo gba Sango, mo dé Ifo kí oòrùn tó mú. N kò wá obìnrin náà pẹ́. Àwọn aránṣọ mọ ara wọn. Ó ṣì wà nítòsí ojú irin, ó ti fi òwú, bọ́tìnnì àti síìpù kún iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n so wọ́n rọ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì! Háà, ẹ ti sanra."

Ó nu àga fún mi, ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan lọ ra omi tútù. Ó ní Ọlọ́run ti fún òun ní ọkùnrin méjì lẹ́yìn náà, wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ó béèrè Sístà Àgbà. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rán aṣọ lọ, ara rẹ̀ yá. Ó yẹ kí n mu omi mi, kí n kí i, kí n máa lọ. Mo fa teépù náà yọ nínú ọ̀rá, mo nà án sí i.

Ó dúró. Ó gbà á, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀lé nọ́ńbà ara rẹ̀ títí dé ìdí mẹ́wàá, níbi tí ọmọ náà ti jẹ etí rẹ̀ pẹ̀lú eyín. "Mo wá a títí," ni ó wí. "Mo rò pé wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú ẹ̀ ni."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ yẹn, ẹ bi mí bóyá ó pè yín. Mo purọ́ fún yín. Ó pè yín."

N kò mọ ohun tí mo ń retí. Bóyá kó gbá mi létí. Bóyá kó sunkún, kí èmi náà sunkún, kó ní òun ti dárí jì mí. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

"Mo gbọ́ nǹkan lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí. "Mo ti dé ibi ẹ̀rọ omi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Mo dúró. Mo ní kí n padà. Mo tún ní, ẹ̀kọ ni nọ́ọ̀sì ní kí n rà, jẹ́ kí n tètè rà á kí n lè tètè dé. Mo wá bi yín. Ẹ ní kò pè mí. Mo ní Alihamudulilahi, etí mi ló tàn mí." Ó ká teépù náà díẹ̀, ó tún tú u. "Ohun tí mo fi ń sùn látọjọ́ náà nìyẹn, Àǹtí nọ́ọ̀sì. Pé etí mi ló tàn mí."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Mo ti rò pé ẹrù ni mo wá sọ̀. N kò bi ara mi léèrè ẹni tí yóò gbé e. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó kàn tẹjú mọ́ mi ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe wò mí lọ́jọ́ náà láti ẹ̀yìn èjìká Sístà Àgbà.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀melòó ló pè mí?"

Mo wo teépù tó wà lórí itan rẹ̀. Mo gbọ́ èyí tó pè ní ketekete, tí mo fi ti fèrèsé. Mo gbọ́ èyí tó béèrè. Mo rí ètè rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni," ni mo wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ó sùn."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó fi teépù náà kọ́ ọrùn lé èyí tó wà níbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé maṣíìnì rẹ̀, ó sì ń rán aṣọ lọ.